Èsì: Owó Ọbabìnrin ọdún 1977 tí ẹ bá nínú àpótí

Ẹ kú ìwádìí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bi mí bóyá fàdákà ni owó Ọbabìnrin Elizabeth ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹṣin tí ẹ bá nínú àpótí ìyá àgbà ní Aké yẹn; kò dájú pé fàdákà ni. Ayẹyẹ ọdún 25 rẹ̀ lórí ìtẹ́ ni wọ́n fi ṣe, ó sì ju mílíọ̀nù 30 lọ tí wọ́n rọ pẹ̀lú bàbà àti nickel. Ẹ má wá iye owó lójú rẹ̀, wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀. Pẹ́ńsì 25 ni. Ti fàdákà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n tirẹ̀ máa ń dán bíi dígí. Òṣùwọ̀n ò lè yà wọ́n, gíráàmù 28.28 ni méjèèjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ o! Mo ṣe é sí tèmi, ojú rẹ̀ họ yánnayànna, ẹni tó fẹ́ rà á ní Kútọ̀ sì gé owó sí ìdajì.

Ẹ tún àpótí yẹn tú dáadáa. Bí ẹ bá rí kọ́bọ̀ tàbí ọ̀nínì oníhò ti 1936 tó ní orúkọ Edward VIII, ẹ fi pamọ́. Kò wọ́n, àmọ́ èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju ti ẹlẹ́ṣin lọ: ọba Gẹ̀ẹ́sì tí kò lo ọdún kan pé lórí ìtẹ́, àwa ná owó rẹ̀ níbí, àwọn ará ìlú rẹ̀ ò ná an.