Èsì: Àfiwé nínú ọ̀rọ̀ Macbeth lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀

Ẹ bèèrè bóyá àfiwé tààrà ni Macbeth, ọba inú eré Shakespeare tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ṣe (Apá 5, Ìran 5) nígbà tó pe ayé ní òjìji tó ń rìn. Rárá o, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni, èyí tó pe nǹkan kan ní nǹkan mìíràn: kò sí "bí" tàbí "dà bí" níbẹ̀. Ibi tí máàkì ti ń bọ́ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á dárúkọ ọnà èdè, á sì dúró síbẹ̀. Ẹ ṣàlàyé bí àwọn àwòrán náà ṣe ń bí ara wọn. Macbeth ní àwọn àná, ìyẹn àwọn ọjọ́ tó ti kọjá, tanná fún òmùgọ̀ lọ sínú ikú. Iná yẹn ló di àbẹ́là tó ní kó kú. Àbẹ́là ló ń mú òjìji wá. Òjìji wá di òṣèré tó ń yan fún wákàtí kan, tí a kì í gbúròó rẹ̀ mọ́. Èyí dùn púpọ̀! "Ọ̀la" tó ń wọ́ bọ̀ ní tirẹ̀, ìfohunpènìyàn ni (fífún ohun tí kì í ṣe ènìyàn ní ìṣe ènìyàn), ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì pè é: àwítúnwí nìyẹn.