Ibì kan náà la wà, a ò ríra wa

Ìbéèrè ẹ̀yin òǹkàwé lórí géèmù, fóònù àti kọ̀ǹpútà. Àǹtí yín ní Àkúrẹ́ ló ń dáhùn.

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA ni mí, South Gate ni mò ń gbé. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin tó wà lọ́dọ̀ àwọn òbí wa ní Oǹdó jọ ń ṣe géèmù orí fóònù kan tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ ń wọ̀. Oníkálukú ní akọni tirẹ̀, à ń pa ẹranko, à ń kó ohun ìjà jọ, à ń lágbára sí i. Nǹkan méjì ló ń dà mí láàmú. Ọ̀gá ẹranko kan wà nínú ihò àpáta tí wọ́n ní kí n pa, ṣùgbọ́n bí mo bá débẹ̀ lálẹ́, èrò á ti kún bámúbámú, wọ́n á ti pa á kí n tó yọ idà. Èkejì, àbúrò mi pè mí pé òun ti dé ẹ̀bá odò. Èmi náà wà lẹ́bàá odò yẹn, lábẹ́ igi tó ń júwe gan-an, a ò sì ríra wa. Ó ní irọ́ ni mò ń pa fún òun. Ṣé àwọn tó ni géèmù yìí ń tàn wá ni? Kí ló dé tí wọn ò ra ẹ̀rọ tó tóbi, kí gbogbo wa wà nínú ayé kan ṣoṣo?*
— Ọmọ South Gate, Àkúrẹ́

Àbúrò mi, o ò purọ́, àbúrò tìrẹ náà ò purọ́. Odò yẹn ju ẹyọ kan lọ ni. Tí èrò agbègbè kan bá ti kọjá iye tí wọ́n fi lélẹ̀ fún un, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí géèmù náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, á dá ẹ̀dà mìíràn sílẹ̀, pẹ̀lú odò, igi àti ẹranko ibẹ̀ lódindi, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé á sì já sínú ẹ̀dà tuntun yẹn. Ó ṣeé ṣe kí ìwọ wà nínú ẹ̀dà kìíní, kí òun wà nínú ẹ̀kẹta. Instance ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe géèmù ń pè é. Nínú géèmù míì, wàá rí channel tàbí layer.

Ohun tí ẹ máa ṣe lálẹ́ òní ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ odò dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ máàpù lójú fóònù yín. Nọ́ńbà kékeré kan sábà máa ń wà níbẹ̀. Bí nọ́ńbà tìrẹ ò bá bá tirẹ̀ mu, ẹ ò lè ríra yín bó ti wù kí ẹ súnmọ́ra tó. Kí ẹ kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ kan náà kí ẹ tó wọ agbègbè yẹn, torí ọ̀pọ̀ géèmù ló máa ń wá ọ̀nà kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan sínú ẹ̀dà kan. Ní Guild Wars 2, tí o bá tẹ àwòrán ẹnìkejì rẹ nínú ẹgbẹ́, wọ́n á fún ọ láyè láti lọ bá a nínú ẹ̀dà tó wà. Old School RuneScape, tó ti dé orí fóònù láti 2018, kò fi pamọ́ rárá: ayé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ ó fẹnu kò sórí nọ́ńbà kan kí ẹ tó wọlé. Bí géèmù tiyín ò bá ní irú àyè bẹ́ẹ̀, ẹ jọ jáde lágbègbè yẹn, ẹ dúró níbi tí ẹ ti ríra yín, kí ẹ sì jọ tún un wọ̀.

Ní ti ẹ̀rọ tó tóbi, ìṣirò ló ń bá wa jà. Bí o bá gbé ẹsẹ̀ kan, sáfà gbọ́dọ̀ sọ fún gbogbo ẹni tó lè rí ọ. Tí ènìyàn 10 bá ń rìn lójú kan, ìròyìn tó máa rán jẹ́ 10 lọ́nà 10, ìyẹn 100. Tí ẹ bá di 100, ó di 10,000. Tí ẹ bá di 1,000, ó di mílíọ̀nù kan, tí wọ́n á sì tún un rán lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Èrò fi ìlọ́po 10 pọ̀ sí i, iṣẹ́ fi ìlọ́po 100 pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ wo lo fẹ́ rà tó máa bá ìyẹn sáré? Fóònù tìrẹ náà ò sinmi: òun ló máa ya gbogbo wọn, aṣọ wọn, idà wọn, iná tó ń bù yẹ̀rì lọ́wọ́ wọn. Àwọn fóònù tí wọ́n ń gbé wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Oyèmẹkùn, tí bátìrì wọn ti wú, èyí tó pọ̀ nínú wọn ti jẹ ooru géèmù.

Géèmù kan wà tó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní pín ayé òun. EVE Online ni, ilé iṣẹ́ CCP ní Iceland ló gbé e jáde ní 2003. Inú òfuurufú kan náà ni gbogbo ẹni tó ń ṣe é lórí sáfà ńlá wọn wà. Nígbà tí èrò bá pọ̀ lójú ogun, sáfà á fa àkókò lọ́ra, ó lè fà á dé ìdá kan nínú mẹ́wàá, débi pé ohun tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú 1 á gba ìṣẹ́jú 10. Ogun kan tí wọ́n jà ní B-R5RB, ibì kan nínú òfuurufú géèmù náà, ní January 2014 gba nǹkan bíi wákàtí 21, àwọn tó sì dá sí i lé ní 7,500. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi. Wọ́n gbà kí nǹkan falẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa wà lẹ́yìn ògiri. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń fi bátìrì fóònù àti dátà ẹgbẹ̀rún náírà ṣe géèmù ò lè bá irú ogun bẹ́ẹ̀ dé òpin, kò sì tọ́ kí wọ́n ní kó wá.

Wàyí o, ọ̀gá ẹranko rẹ. Wàhálà yẹn lè ju ọ lọ́jọ́ orí. Nígbà tí géèmù Ultima Online jáde ní September 1997, àwọn tó ṣe é ti fara balẹ̀ to igbó wọn: ẹran kan ń jẹ koríko, òmíràn ń jẹ ẹran. Èrò wọlé, wọ́n sì pa ohun gbogbo ju bí sáfà ṣe lè fi òmíràn rọ́pò lọ. Torí pé èrò ò lè gba inú ayé kan, wọ́n ṣe ayé náà ní ọ̀pọ̀ ẹ̀dà, wọ́n sì fi ìtàn gbè é lẹ́yìn: òkúta iyebíye oṣó burúkú kan ló fọ́, gbogbo ègé rẹ̀ sì ní odindi ayé nínú. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn. Wọ́n ṣàlàyé fún èrò wọn ìdí tí a ò fi jọ wà pa pọ̀, wọn ò kàn pín wọn bí ẹrù.

EverQuest tẹ̀lé e ní March 1999. Ọ̀gá ẹranko kan, ibì kan, ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó tún yọ. Àwọn ènìyàn jókòó síbẹ̀, wọ́n ń kọ orúkọ sílẹ̀ fúnra wọn pé lágbájá ló kàn, tàmẹ̀dù ló tẹ̀lé e. Ìjà pọ̀, olè pọ̀, nítorí ẹni tó dé lẹ́yìn lè gba ẹran mọ́ ẹni tó ti ń ṣọ́ ọ láti òwúrọ̀ lọ́wọ́. Ní June 2001, Anarchy Online láti Norway mú ọ̀nà míì wá: bí o bá gba iṣẹ́, sáfà á kọ́ ilé kan fún ìwọ àti àwọn tó bá ọ wá nìkan, ẹlòmíràn ò ní wọ ibẹ̀. Instance ni wọ́n ń pe ìyẹn náà. EverQuest náà gbà á ní 2003. World of Warcraft fi kọ́ gbogbo ihò àpáta ńlá rẹ̀ ní November 2004. Ní April 2005, Guild Wars kìíní ṣe é kọjá bẹ́ẹ̀: kété tí o bá ti jáde nílùú, gbogbo igbó di ti ìwọ àti ẹgbẹ́ rẹ.

Níbi ìnáwó, tí wọ́n bá gbé kúlà ìrẹsì kan ṣoṣo sáàárín gbọ̀ngàn fún àlejò 500, ẹni tí apá rẹ̀ le ló máa jẹun. Tí wọ́n bá gbé kúlà sórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, arúgbó náà á jẹ, ọmọdé náà á jẹ. Ohun tí instance ṣe fún ọ̀gá ẹranko nìyẹn, ó sì dáa. Wo géèmù rẹ dáadáa bóyá ihò àpáta yẹn ní ẹnu ọ̀nà tí ẹgbẹ́ lè gbà wọlé lọ́tọ̀. Bó bá ní, ìwọ àti àbúrò rẹ, ẹ wá ẹni méjì mẹ́ta sí i, ẹ ó pa á láìsí ẹni tó máa gbà á mọ́ yín lọ́wọ́. Bí kò bá ní, àkókò ni kí o yí padà. Aago tiwa ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti Yúróòpù, ìdí nìyẹn tí aago méje sí mẹ́wàá alẹ́ fi máa ń kún lórí sáfà wọn. Àwọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé. Sáfà Amẹ́ríkà, tirẹ̀ yàtọ̀: aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní Àkúrẹ́, aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin òru ni ní New York. Ọjọ́ tí o ò bá ní kíláàsì, àárọ̀ yẹn ni kí o lọ.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí wà. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n a ò ní kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún World of Warcraft àtijọ́ gbé jáde ní August 2019, èrò pọ̀ débi pé àwọn tí kò mọra wọn rí to ìlà lẹ́sẹẹsẹ níwájú ẹranko kan, ẹnì kan ń pa á, ó ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tó kàn ń bọ́ síwájú. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wọn. Irú ọmọlúwàbí bẹ́ẹ̀, ibi tí ojú ti ń kojú ló ti ń jáde. Bí gbogbo ènìyàn bá wà nínú yàrá tirẹ̀, ta ló máa kí ta? Ní December 2009, World of Warcraft yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ wá ẹlẹgbẹ́ fún ènìyàn láti oríṣiríṣi sáfà. Ó yá kánkán lóòótọ́. Àmọ́ àwọn mẹ́rin tó bá ọ wọ ihò lónìí, o lè má rí wọn mọ́ láé, kò sì sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti rántí pé ìwọ lo dúró tì wọ́n nígbà tí ó le.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà nínú ẹ̀yin ọmọ FUTA tó ti ń kọ géèmù tiyín. Ẹ̀yin ni mò ń bẹ̀. Ẹ fi ọ̀gá ẹranko sínú yàrá, ẹ fi ọjà àti ìlú sílẹ̀ ní gbangba. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà síbi tí ojú á ti tètè rí i. Tí ẹ bá sì máa pín èrò, ẹ kọ́kọ́ wo ta ni ọ̀rẹ́ ta, kí ẹ má ṣe ya ẹni tó ń bọ̀ láti Oǹdó wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

*Àǹtí, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi ló ń fa ìdádúró géèmù, àbí èrò ló pọ̀ jù?*
— Ọ̀bà-Ilé

Lọ sínú igbó tí kò sí ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ṣì ń dúró níbẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ ni. Bọ́ síta tàbí kí o dán káàdì SIM míì wò. Bó bá jẹ́ pé àárín ìlú nìkan ló ti ń dúró, èrò ni. Wọ inú ètò géèmù náà, wá ibi tí wọ́n ti ń dín iye ènìyàn tí fóònù máa yà kù, kí o sì fà á wálẹ̀. Ìyẹn máa ń ran fóònù tí agbára rẹ̀ kéré lọ́wọ́ gan-an.

*Olóòtú, ẹ ǹlẹ́ o. Ọmọ mi jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti àárọ̀, ó ní òun wà lórí ìlà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn ló wà níwájú òun. Mo ní kó lọ pọnmi, ó ní àyè òun á lọ. Ó tún ní ẹnì kan lórí WhatsApp ní kí òun san ₦5,000 kó fi gbé òun kọjá ìlà. Ṣé òótọ́ ni ìlà wà nínú géèmù?*
— Ìyá kan, òpópónà Adémúlẹ́gùn, Oǹdó

Màmá, ẹ kú àmójútó ọmọ. Òótọ́ ni ìlà wà. Ní December 2021, nígbà tí apá tuntun Final Fantasy XIV jáde, ìlà gùn débi pé Square Enix dá títa géèmù náà dúró títí di January 2022, wọ́n sì fún àwọn oníbàárà wọn ní ọjọ́ ọ̀fẹ́. Owó wà lọ́wọ́ wọn láti ra sáfà, àmọ́ ègé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ kọ̀ǹpútà ti wọ́n ní gbogbo àgbáyé nígbà yẹn. Nítorí náà ọmọ yín ò pa irọ́ ìlà.

Àmọ́ ìlà ò ní kó jókòó tì í. Kó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní títàn, kó lọ pọnmi, kó máa wá wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí tí wọ́n bá pè é tí kò sí níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n lè lé e jáde.

Ẹ má san ₦5,000 yẹn. Ilé iṣẹ́ mìíràn máa ń jẹ́ kí ẹni tó ń sanwó oṣooṣù ṣáájú, ṣùgbọ́n inú géèmù fúnra rẹ̀ tàbí ojú ìwé ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n ti ń gba irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹni orí WhatsApp ò ní ọ̀nà láti gbé ẹnikẹ́ni kọjá. Ohun tó máa béèrè tẹ̀lé owó ni ọ̀rọ̀ aṣínà ọmọ yín. Ẹ bi ọmọ náà léèrè lónìí bóyá ó ti fún un. Bó bá ti fún un, kó yí i padà kíákíá, kó sì yí ti ímeèlì rẹ̀ padà pẹ̀lú, torí ímeèlì ni wọ́n máa ń gbà wọlé padà.