Iná lọ, iná dé, VM inú VM kò gbérà mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Abẹ́òkúta níbí ni mo wà, ní Ìbarà. Mo ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan, Core i7-4770, 16GB RAM, mo fi Proxmox sí i (ètò tí a fi ń dá VM, ìyẹn kọ̀ǹpútà àfarawé inú kọ̀ǹpútà gidi, sílẹ̀), mo sì ń fi kọ́ àwọn ọmọ mẹ́ta ní Linux nílé. Ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn ní VM Ubuntu tirẹ̀, wọ́n sì tún ń dá VM kékeré sílẹ̀ nínú tiwọn. Gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná lọ fún ọjọ́ méjì gbáko. Nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ náà dúró, ó ní kí n tẹ F1, ọjọ́ tó sì gbé wá jẹ́ ti ọdún 2013. Mo tẹ F1, ó wọlé, ṣùgbọ́n kò sí VM kankan tó gbà láti gbérà. Ohun tó kọ ni: “KVM virtualisation configured, but not available. Either disable in VM configuration or enable in BIOS.” Mo lọ pa KVM (ohun tó ń jẹ́ kí VM lo CPU tààrà) nínú Options àwọn VM náà, mo sì yí irú CPU wọn kúrò ní host (bí CPU ẹ̀rọ gidi ṣe rí) sí kvm64 (irú CPU àfarawé kan). Wọ́n gbérà, àmọ́ ńṣe ni wọ́n ń wọ́ bí ìgbín, àwọn ọmọ kò sì lè tan VM inú tiwọn mọ́. Tí wọ́n bá tẹ kvm-ok, àṣẹ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá KVM ṣeé lò, ó ń kọ “KVM acceleration can NOT be used”. Ṣé CPU ti bàjẹ́ ni? Ṣé kí n máa wá owó òmíràn?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, fi owó rẹ sápò. CPU rẹ kò ṣe nǹkan kan. Bátìrì pẹlẹbẹ kan tó rí bíi owó ẹyọ, tó wà lára bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ náà, ló ti kú. Ikú rẹ̀ ti ilẹ̀kùn kan nínú BIOS, lẹ́yìn náà ni ìwọ náà wá ti méjì mọ́ ara rẹ láìmọ̀, nígbà tí o pa KVM tí o sì yí irú CPU. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a máa ṣí, àmọ́ ó ní èyí tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí.

Ohun méjì tí o sọ ni mo fi mọ̀: F1 àti ọdún 2013. Bátìrì yẹn, tí wọ́n ń pè ní CR2032, ló ń jẹ́ kí aago ẹ̀rọ máa rìn, òun náà ló sì ń jẹ́ kí BIOS, ètò tó kọ́kọ́ ń jí nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ, rántí ohun tí a bá yí nínú rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá wà lára ògiri tí iná sì wà, agbára díẹ̀ ṣì ń wọ inú bọ́ọ̀dù kódà tí a bá pa ẹ̀rọ, nítorí náà bátìrì lè ti kú tipẹ́ kí a má mọ̀. Ọjọ́ tí iná bá lọ pátápátá ni àṣírí rẹ̀ máa ń tú. Ẹ̀rọ ìgbà 2013 ni tìrẹ. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ bátìrì tó bá a wá láti ìdí ilé iṣẹ́ ni ó ṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó kú, BIOS gbàgbé gbogbo nǹkan, ó padà sí bí wọ́n ṣe tò ó níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ìgbà náà ló jẹ́ pé pípa ni wọ́n pa VT-x, agbára inú CPU Intel tí KVM ń lò, sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe wọ́n. Ẹni tó bá tà á fún ọ, tàbí ìwọ fúnra rẹ, ló ti tàn án nígbà kan. Iná tó lọ fún ọjọ́ méjì yẹn ló gbà á padà.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì pé ọ̀dọ̀ BIOS ni a ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní onílé kan yá ọ ní yàrá méjì àti pálọ̀. Ó wù ọ́ kí o fi yàrá kan gba ayálégbé tìrẹ. Bí onílé kò bá fọwọ́ sí i, kò sí ìwé tí o lè kọ fún ẹni náà tó máa dúró. Bẹ́ẹ̀ ni nested virtualization, ìyẹn VM inú VM, rí. Ẹ̀rọ gidi tó ń gbé Proxmox ni àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń pè ní L0. VM Ubuntu ọmọ kọ̀ọ̀kan ni L1. Èyí tí ọmọ náà tún dá sílẹ̀ nínú tirẹ̀ ni L2. Inú CPU ni agbára VT-x wà. BIOS ni ó gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda rẹ̀ fún L0, kí L0 gbà kí a fi sọ̀kalẹ̀, kí irú CPU tí a yàn fún L1 sì fi hàn án. Bí ẹnì kan bá dí ọ̀nà láàárín, gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni yóò jìyà, àmọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló máa ń pariwo. Ìdí nìyẹn tí kvm-ok àwọn ọmọ fi ń kígbe, tí àrùn sì wà ní ibòmíràn.

Ní ti ohun tí Proxmox kọ sí ọ, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ pé o ṣe ohun tí o ṣe. Ọ̀nà méjì ló fi hàn ọ́, èyí tó burú jù ló sì kọ́kọ́ dárúkọ. Nígbà tí o pa KVM, CPU kò bá VM ṣiṣẹ́ tààrà mọ́. QEMU, ètò tó ń gbé VM lábẹ́ Proxmox, ló wá ń ka ìtọ́ni kọ̀ọ̀kan, tó ń túmọ̀ rẹ̀, kó tó ṣe é. Ibi tí ìgbín ti wọlé nìyẹn. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, kò sí VT-x tí L1 lè rí rárá, kí a má tilẹ̀ sọ pé yóò fún L2. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá rí ọ̀rọ̀ yẹn lórí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí BIOS kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Ó yá, iṣẹ́ ti dé. Pa àwọn VM, pa Proxmox, yọ wáyà kúrò lára ògiri, kí o sì tẹ bọ́tìnì ìtanná lẹ́ẹ̀kan kí agbára tó ṣẹ́kù lè tán. Fọwọ́ kan irin ara àpótí náà kí iná ara rẹ má ba bọ́ọ̀dù jẹ́. Yọ bátìrì náà, kí o sì fi CR2032 tuntun sí i, ojú tí wọ́n kọ àmì + sí ni kí ó kọjú sí ọ. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún aago ṣe ni o ti máa rí i, kò wọ́n.

Tan ẹ̀rọ, wọ BIOS. Kọ́kọ́ tún ọjọ́ àti aago ṣe. Wá Intel Virtualization Technology (VT-x yẹn náà ni), kí o sì tàn án. Orí ẹ̀rọ AMD, SVM Mode ni wọ́n máa ń pè é. Má ṣe dà á pọ̀ mọ́ VT-d, iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Bí o ṣe wà níbẹ̀, wo ibi tí wọ́n kọ ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe bí iná bá dé lẹ́yìn tó lọ. Òun náà yóò ti padà sí bí wọ́n ṣe tò ó níbẹ̀rẹ̀. Fi fóònù ya àwòrán gbogbo ojú ewé tí o fọwọ́ kàn. Fi í pamọ́, kí o sì jáde. Lẹ́yìn náà, pa ẹ̀rọ pátápátá, yọ wáyà fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan, kí o tó tún tàn án, nítorí àwọn bọ́ọ̀dù kan wà tí títún un bẹ̀rẹ̀ lásán kò tó fún wọn láti gba àyípadà yẹn.

Nígbà tí Proxmox bá dé, tẹ nǹkan wọ̀nyí lórí rẹ̀:

ls /dev/kvm
dmesg | grep -i vmx
cat /sys/module/kvm_intel/parameters/nested

Àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ rí fáìlì náà. Bí èkejì bá sọ pé “disabled by BIOS”, a kò tíì kúrò lójú kan, padà sí BIOS. Ẹ̀kẹta gbọ́dọ̀ kọ Y. Láti kernel 4.20 ni Linux ti ń tan nested fún Intel fúnra rẹ̀, nítorí náà mi ò retí wàhálà níbẹ̀. Bí ó bá kọ N, pa gbogbo VM, kí o wá tẹ:

echo "options kvm-intel nested=Y" > /etc/modprobe.d/kvm-intel.conf
modprobe -r kvm_intel
modprobe kvm_intel

Ilẹ̀kùn méjì tí ìwọ fúnra rẹ tì ló kù. Ká ní 101 ni nọ́ńbà VM ọmọ àkọ́kọ́:

qm set 101 --kvm 1 --cpu host

Ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á wọ inú Ubuntu, wọ́n á tẹ reboot, wọ́n á sì máa ṣe kàyéfì pé nǹkan kan kò yí padà. Reboot láti inú VM kì í jẹ́ kí Proxmox ka ìtò tuntun. Pa VM náà tán, kí o tún wá tẹ Start.

Nínú Ubuntu, jẹ́ kí ọmọ tẹ:

grep -cE 'vmx|svm' /proc/cpuinfo

Nọ́ńbà yòówù tó bá ju 0 lọ dára. kvm-ok yóò wá sọ pé ó ṣeé lò. Bí /dev/kvm bá wà ṣùgbọ́n tí wọ́n ń sọ fún un pé kò láṣẹ, kò tíì sí nínú ẹgbẹ́ kvm ni: sudo usermod -aG kvm $USER, kí ó jáde, kí ó tún wọlé.

Ó ku ohun tí o kò bi mí. L2 kò ní yára tó L1 láéláé, má sì jẹ́ kí ìyẹn dá ẹ̀rù bà ọ́. Bí L2 bá nílò ìrànlọ́wọ́, L0 ló kọ́kọ́ ń gbọ́, tí yóò fi ránṣẹ́ sí L1, L1 á ṣe é, ìdáhùn á sì tún gba ọ̀dọ̀ L0 kọjá padà. Ìṣirò lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ falẹ̀. Dísíìkì àti nẹ́tíwọ̀kì ló ń jẹ ìyà, nítorí náà lo virtio, irú dísíìkì àti káàdì nẹ́tíwọ̀kì tí wọ́n ṣe fún VM, fún méjèèjì. Lórí 16GB rẹ, fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní 4GB, kí 4GB tó kù jẹ́ ti Proxmox, kí L2 wọn má sì ju 1GB lọ. Alpine tàbí Debian tí kò ní dẹ́sítọ́ọ̀pù ti tó wọn fún ẹ̀kọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá so L2 mọ́ bridge (afárá tó so VM mọ́ nẹ́tíwọ̀kì tààrà) tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ kò sì jáde, wo bóyá o tan firewall Proxmox sórí VM ọmọ náà (L1): MAC filter rẹ̀ máa ń da ohun tó bá wá láti ọ̀dọ̀ MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì nẹ́tíwọ̀kì) tí kò mọ̀ nù. Pẹ̀lú NAT tí libvirt (ètò tí a fi ń ṣètò VM lórí Linux) ń bá wá, níbi tí L2 ti ń gba orúkọ L1 jáde, kò sí wàhálà yẹn.

Bí o bá pààrọ̀ bátìrì tí ọjọ́ sì tún padà sí 2013 lẹ́yìn tí o yọ wáyà, wo irin pẹlẹbẹ tó di bátìrì mú bóyá ó ti dípẹtà tàbí ó ti tẹ̀ sẹ́yìn. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kọ ohun tí dmesg sọ ránṣẹ́ sí mi bó ṣe rí gẹ́lẹ́.