Ajílẹ̀ tàbí yẹ̀pẹ̀ pupa: kí ni ká fi bo ààtàn tí wọ́n ti pa tì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni alága ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò wa n'Íbàdàn. Ààtàn ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wa tí wọn ò da ìdọ̀tí sí mọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, èéfín máa ń yọ ní igun rẹ̀ kan. Ẹnì kan ní ká kó ajílẹ̀ bò ó, pé gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ á dín kù. Yẹ̀pẹ̀ pupa lọ̀pọ̀ wa fẹ́. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Alága, ẹ kú àníyàn àdúgbò. Òótọ́ lẹni náà sọ, ajílẹ̀ sàn ju yẹ̀pẹ̀ pupa lọ, bó bá ṣáà ti jẹrà tán. Ṣùgbọ́n igun tó ń yọ èéfín yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Iná ló ń jẹ lábẹ́ ibẹ̀, ajílẹ̀ náà sì lè gbiná. Ẹ pe àwọn panápaná kí wọ́n pa á. Gbogbo wa la rí bí ààtàn Olúṣòsùn l'Ékòó ṣe jó lóṣù kẹta ọdún 2018.

Oúnjẹ, ewé àti bébà tó jẹrà níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé ló ń di gáàsì mẹ́téènì. Kò ní òórùn rárá. Gáàsì mìíràn tó bá a rìn lẹ ń gbóòórùn. Láàárín 100 ọdún, mẹ́téènì ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po bíi 28 ju kábọ́ònù dáyọ́ksáídì, gáàsì tí à ń mí síta, lọ. Inú ajílẹ̀ làwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń gbé tó jẹ́ pé mẹ́téènì gan-an loúnjẹ wọn. Bí afẹ́fẹ́ bá ti òkè wọlé, tí gáàsì ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, wọn á jẹ ẹ́, wọn á sọ ọ́ di kábọ́ònù dáyọ́ksáídì àti omi. Wọ́n ti ṣe é lórí àwọn ààtàn bíi Fakse àti Klintholm ní Dẹ́ńmáàkì. Yẹ̀pẹ̀ pupa ní tiẹ̀ máa ń sán lẹ́ẹ̀rùn, ojú ibi tó sán sì ni gáàsì máa ń gbà jáde.

Ẹ má kó pàǹtí ọjà tútù síbẹ̀ o! Òun fúnra rẹ̀ á jẹ afẹ́fẹ́ táwọn kòkòrò yẹn nílò tán, á tún máa mú mẹ́téènì tiẹ̀ jáde. Ẹ ti ọwọ́ bọ àárín òkìtì ajílẹ̀ kí ẹ tó rà á. Bó bá gbóná, kò tíì jinná. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un: kó dì mọ́ra, kí omi má ṣàn, kó sì tú bí ẹ bá fi ìka tọ́ ọ. Òórùn ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò ló yẹ kó ní.

Òkúta wẹ́wẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1, kí gáàsì lè tàn káàkiri abẹ́ rẹ̀. Ajílẹ̀ bíi mítà 1 ló máa wá lé e. Ẹ má jẹ́ kí katapílà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, torí afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọlé mọ́. Lọ́yẹ́, ẹ máa wọ́n omi sí i. Bó bá gbẹ, àwọn kòkòrò náà á dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Ẹ jẹ́ kí àwọn elétò àyíká ìjọba wọn gáàsì ibẹ̀ kí ẹ tó náwó. Ibi tí gáàsì bá ti pọ̀ jù, páìpù ni wọ́n máa kọ́kọ́ rì láti fà á, ajílẹ̀ nìkan ò ká a. Tí ẹ bá wá gbin koríko sórí rẹ̀, ibi tí koríko náà bá ti rọ lójú kan ṣoṣo nígbà òjò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni gáàsì ti ń yọ. Ẹ bu ajílẹ̀ kún ibẹ̀.