Èsì: Bíbá àbúrò tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ sọ̀rọ̀ láìdìjà

Ẹ̀gbọ́n, lórí àbúrò yín tó ní òun ò gbà pé Ọlọ́run wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iná ọ̀run àpáàdì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò gbà pé ọ̀run wà, èébú ni yóò kà á sí. Ẹ bi í ní ohun tó gbé e débẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Kí òun náà má pe àdúrà ìyá yín ní ìwà òpè o. Ẹ má sì rò pé kò lè níwà: Tai Solarin, gbajúmọ̀ olùkọ́ àti òǹkọ̀wé, kò gba Ọlọ́run gbọ́, síbẹ̀ òun àti Sheila ìyàwó rẹ̀ ló dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956. Bóhùn bá ti ń ròkè, ẹ dá a dúró, ẹ jọ jẹun.