Ṣé "ọ̀wọ́ngógó ti dín kù" túmọ̀ sí pé ọjà ti pọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Orí rédíò la ti gbọ́ ọ pé Báńkì Àpapọ̀ ní ọ̀wọ́ngógó ọjà ti dín kù. Ní Kabba níbí, ní ìpínlẹ̀ Kogi, owó kóńgò gaàrí kò wálẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtumọ̀ mìíràn ni, àbí irọ́ ni wọ́n ń pa fún wa?

Ìdáhùn: Báńkì kò purọ́, ojú yín náà kò sì tàn yín jẹ. Ẹni tó túmọ̀ ìkéde náà sí Yorùbá ló mú ọ̀rọ̀ tí kò bá a mu.

Ẹ wo "ọ̀wọ́n" fúnra rẹ̀. Inú "wọ́n" ló ti jáde, nǹkan méjì sì ni "wọ́n" ń jẹ́ lẹ́nu wa: pé nǹkan ṣòro rí, àti pé owó rẹ̀ ga. Bí ẹnìkan bá ní "epo wọ́n", ẹ ní láti bi í bóyá kò sí nílé epo ni, tàbí ó wà ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ló le. Òdìkejì rẹ̀ ni "pọ̀". Ohun tó bá pọ̀ lọ́jà, owó pọ́ọ́kú là ń rà á, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn, ọ̀wọ́n là ń ra ògo. "Gógó" tó tẹ̀lé e ń tẹnu mọ́ bó ṣe le tó ni. Ipò ni gbogbo èyí ń sọ, ibi tí owó ọjà dúró sí lónìí. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ "ọ̀wọ́n dín kù" lè rò pé owó ọjà ti wálẹ̀, kò sì jẹ̀bi.

Ní ti báńkì, ìyára tí owó ọjà fi ń gòkè ló ń kà. A ní ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn ju ọ̀wọ́n lọ: "ọjà ń gbówó lórí". Ẹni tó gbẹ́rù lórí, tó ń gun òkè, tó wá rọra ń rìn, òkè náà ló ṣì ń gùn. Ẹ jẹ́ ká ní kóńgò gaàrí kan jẹ́ ₦1,000. Bí ó bá fi ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí lọ́dún kan, ó di ₦1,340. Lọ́dún kejì, ìyára náà já wálẹ̀ sí ìdá 15. Ìròyìn ayọ̀ ni fún báńkì, ṣùgbọ́n ₦1,541 ni ẹ ó rà á, ₦201 lórí ti èṣí. Àfi kí òǹkà náà lọ sábẹ́ òdo kí owó kóńgò tó wálẹ̀. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn bá sọ pé "ìyára tí ọjà fi ń gbówó lórí ti dín kù", gbólóhùn náà á gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ẹ má gbàgbé pé NBS, àjọ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀, ló ń kó iye owó ọjà jọ ní gbogbo ìpínlẹ̀ àti Abuja. Báńkì Àpapọ̀ ń gba òǹkà náà yẹ̀ wò, àwọn olùṣèwádìí rẹ̀ sì tún ń bi àwọn ìdílé àti oníṣòwò léèrè ohun tí wọ́n rò pé owó ọjà yóò dà. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méjìlá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó á fi ọjọ́ méjì jókòó, tí gómìnà báńkì á sì ka ìpinnu wọn síta. Kí wọ́n lè dín ìyára náà kù, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n gbé èlé ìpìlẹ̀ sókè ní 2024, láti ìdá 18.75 dé 27.50. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025 ni wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí 27.00, nítorí pé ìyára náà ti ń rọlẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Èlé yìí ni àwọn báńkì mìíràn ń wò kí wọ́n tó dá iye èlé orí owó tí wọ́n ń yá oníṣòwò.

Ibi tó ti dojú rú jù ni ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Òǹkà oṣù Kejìlá 2024 jẹ́ ìdá 34.80. Ti oṣù Kìíní 2025 jáde, ó di 24.48. Kò sí ọjà kankan tó ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù kan! NBS ló pààrọ̀ òṣùwọ̀n: ó gbé ọdún ìpìlẹ̀, ìyẹn ọdún tó ń fi owó ọjà wé, kúrò ní 2009 sí 2024, ó sì tún apẹ̀rẹ̀ ọjà tó ń wọ̀n tò, tí ìpín oúnjẹ fi kúrò ní bí ìdá 52 bọ́ sí nǹkan bí 40. Ẹni tó bá fi òǹkà méjèèjì wéra ti fi kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú wéra pẹ̀lú kóńgò tuntun.

Nǹkan méjì mìíràn ló tún ń fa ìyàtọ̀ láàárín òǹkà orí rédíò àti ohun tí ẹ ń rí lọ́jà. Òǹkà gbogbo orílẹ̀-èdè kì í ṣe ti Kogi. Ní oṣù Kìíní 2024, ìyára oúnjẹ ní gbogbo Nàìjíríà jẹ́ 35.41, ṣùgbọ́n Kogi ló ga jù lọ nínú gbogbo ìpínlẹ̀, 44.18. Èkejì, oṣù yìí ni wọ́n sábà máa ń fi wé oṣù kan náà lọ́dún tó kọjá, kí ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn má baà da ìṣirò rú. Bí iṣu tuntun bá dé tí owó iṣu sì rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èyí nìkan kò tó mú òǹkà ọdún náà wálẹ̀. Òǹkà kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ti yọ èso oko àti epo kúrò nínú rẹ̀, nítorí pé èlé báńkì kò lè mú òjò rọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ òǹkà lórí rédíò, ẹ béèrè èwo ni: ti oṣù tàbí ti ọdún, ti gbogbo ọjà tàbí ti oúnjẹ, ti Nàìjíríà tàbí ti Kogi.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìṣirò tiyín, ẹ má fi kóńgò ṣe é. Owó lè dúró síbẹ̀ kí òkìtì orí kóńgò ti tẹ́, gbígbówólórí náà nìyẹn. Kílò ni NBS fi ń kéde iye owó gaàrí. Ẹ gbé gaàrí inú kóńgò yín lé òṣùwọ̀n, ẹ fi iye kílò rẹ̀ pín owó tí ẹ san, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Ẹ tún un ṣe ní oṣù yìí kan náà lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì, ẹ fi ti àkọ́kọ́ pín ohun tó kù, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Ohun tí ẹ bá rí ni òǹkà gaàrí tiyín.