Ọ̀bẹ wo ni kí n fi máa fá etí awọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ awọ ni. Abẹ tí wọ́n fi ń gé páálí ni mo ń lò. Ó ń gé bẹ́líìtì dáadáa, ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ fá etí awọ wáléètì kó fẹ́lẹ́ kí n tó ṣẹ́ ẹ po, ńṣe ló ń lu awọ já. Ṣé ọ̀bẹ olóṣùpá, èyí tí ẹnu rẹ̀ rí bí ààbọ̀ òṣùpá, tí àwọn àgbà oníṣẹ́ ń lò ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó sí i. Kì í ṣe pé ọ̀bẹ náà kò dára o. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ awọ débi pé ó wà nínú àwòrán ara ògiri ibojì Rekhmire, ìjòyè àgbà kan ní Íjíbítì àtijọ́, èyí tó ti lé ní 3,400 ọdún. Bí ọwọ́ bá ti mọ̀ ọ́n, òun nìkan a máa gé títọ́, a máa gé ibi tó tẹ̀, a sì máa fá etí. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ tó rí roboto yẹn ṣòro pọ́n dọ́gba.

Abẹ páálí fẹ́lẹ́, ó ń tẹ̀, ìhà méjèèjì ni wọ́n sì ti pọ́n ọn, kò lè sùn lé awọ. Ẹ ó gbé ìdí rẹ̀ sókè kó tó jẹ awọ, bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe ń rì wọlé. Ọ̀bẹ ìfáwọ lẹ nílò. Ìhà kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń pọ́n ọn, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀yìn yẹn ni kó sùn lé awọ, kí ibi tí wọ́n pọ́n kọjú sókè, kí ẹ wá rọra máa tì í lọ sí etí. Inú awọ lẹ ó fá, kì í ṣe ojú tó ń dán. Gíláàsì tó nípọn tàbí òkúta dídán ni kí ẹ tẹ́ awọ lé. Fún gígé já pátápátá, ẹ lo pákó o, torí gíláàsì á pa ẹnu ọ̀bẹ.

Tí ọ̀bẹ bá mú, ohun tó ń fá á máa jáde ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láìjá. Bí awọ bá ń kájọ níwájú rẹ̀, ọ̀bẹ náà ti kú nìyẹn. Kó lè mú padà, ẹ lẹ àjákù awọ mọ́ pákó, ẹ fi ọṣẹ ìpọ́nbẹ aláwọ̀ ewé pa á, kí ẹ máa fa ọ̀bẹ sẹ́yìn lórí rẹ̀. Ẹ má tì í síwájú láé, á gé awọ náà ni. Èmi kì í fá etí wáléètì kan tán láìfa ọ̀bẹ lórí pákó yẹn.

Bẹ́líìtì kò nílò ọ̀bẹ tuntun. Abẹ yín àti rúlà irin ti tó.

Tí ẹ bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ẹ tètè sọ fún ẹni tó ń tà á, torí ìhà tí wọ́n pọ́n fún ọlọ́wọ́ òsì yàtọ̀.